Wiki wo ló bá ibi iṣẹ́ yín mu? Ìfiwéra DokuWiki, MediaWiki, BookStack àti Confluence

Ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, ní Èkó, níbi tí mo ti bá wọn tọ́jú kọ̀ǹpútà fún ọdún mélòó kan, iye owó tí a ń gbà fún ìwé ìpè ìgbéyàwó wà ní ibi mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan wà lára ògiri lẹ́yìn tábìlì ọ̀gá, tí wọ́n fi bírò pupa kọ lé orí iye àtijọ́. Èkejì wà nínú fáìlì kan lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó ń ṣe dìsáìnì. Ẹ̀kẹta wà nínú ọ̀rọ̀ kan tí ọ̀gá fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn òṣìṣẹ́, tí ìkíni ọjọ́ ìbí àti àwòrán iṣẹ́ ti bò mọ́lẹ̀ pátápátá. Nígbà tí oníbàárà kan dé, tó bèèrè ìwé ìpè 500 lórí káàdì 300 gíráàmù, ẹni mẹ́ta dá a lóhùn, iye mẹ́ta ni wọ́n sì pè fún un. Oníbàárà náà mú èyí tó kéré jù, bí ẹnikẹ́ni nínú wa náà ì bá ti ṣe.

Irú ọ̀ràn báyìí ni wiki wà fún. Wiki jẹ́ àkójọ ojúewé tí a ń ṣí bí a ṣe ń ṣí ojúewé íntánẹ́ẹ̀tì yòókù, ṣùgbọ́n tí ẹni tó ń kà á lè fúnra rẹ̀ tún un kọ lójú ẹsẹ̀, tí ojúewé kọ̀ọ̀kan sì ń rántí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀, ẹni tó yí i padà, ọjọ́ àti wákàtí tó yí i padà. Ward Cunningham, ará Amẹ́ríkà, ló gbé àkọ́kọ́ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1995, kí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà lè máa kó ìrírí wọn jọ síbì kan. Ara bọ́ọ̀sì Wiki Wiki tó ń gbé èrò ní pápákọ̀ òfurufú Honolulu ló ti mú orúkọ náà, nítorí pé ìyára ni ọ̀rọ̀ náà dúró fún ní èdè Hawaii. Wiki wiki tiwọn ni kíákíá tiwa. Wikipedia, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2001, ló wá sọ orúkọ yìí di mímọ̀ fún gbogbo ayé, a sì ní ti èdè Yorùbá nínú rẹ̀.

Àmọ́ wiki ibi iṣẹ́ kì í ṣe Wikipedia kékeré. Kò yẹ kí aláìlórúkọ kankan rí àyè kọ nǹkan síbẹ̀, àwọn ojúewé kan sì wà tí kì í ṣe gbogbo òṣìṣẹ́ ló yẹ kó kà wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé òun ló ya àwọn wiki tí mo fẹ́ fi wéra sọ́tọ̀ síra wọn ju bí ojú wọn ṣe dán tó lọ.

Kí a tó dé orí wiki: WhatsApp àti Google Docs

Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni yóò bèèrè pé kí la tún ń wá nígbà tí WhatsApp ti wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Ìbéèrè tó tọ́ ni, nítorí pé ohun tí òṣìṣẹ́ ti ń lò tọ̀sán-tòru ní agbára tí ètò tuntun kò ní. WhatsApp dára fún ìfọ̀rọ̀wérọ̀: pé ọkọ̀ tó gbé bébà ti dé, pé iná ti lọ, kí ẹnì kan tan jẹnẹrétọ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé gbogbo ọ̀rọ̀ ló tò tẹ̀lé ara wọn lórí ìlà kan ṣoṣo, tí ìpinnu ńlá àti àwàdà sì gba àyè kan náà. Láàárín ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn tí a bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ nìkan ni a lè tún un kọ. Bí iye owó bá yí padà lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ mìíràn ni a ó fi ránṣẹ́, ti àtijọ́ yóò sì wà níbẹ̀ tí yóò máa ṣi ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i lọ́nà. Ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ kì í rí ohun tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ti bá ara wọn sọ láti ọdún méjì sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó kúrò níṣẹ́ ń gbé gbogbo rẹ̀ lọ nínú fóònù rẹ̀.

Google Docs sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni méjì lè jọ kọ ìwé kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń pa ìtàn àtúnṣe mọ́, kò sì gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ní àdírẹ́ẹ̀sì Gmail. Bí gbogbo ìlànà ilé iṣẹ́ yín kò bá ju ìwé mẹ́wàá tàbí méjìlá lọ, tí wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ dúró síbẹ̀, kí ẹ má fi wiki da ara yín láàmú. Ìgbà tí ìwé bá ń lọ sí ọgọ́rùn-ún ni wàhálà ń dé, nítorí pé ìwé kọ̀ọ̀kan dá dúró bí ilé tí kò ní ọ̀nà dé ilé kejì, bẹ́ẹ̀ ohun tó mú kí wiki jẹ́ wiki ni pé ojúewé ìwé ìpè ń tọ́ka sí ojúewé irú bébà, tí ojúewé bébà ń tọ́ka sí ojúewé àwọn tó ń tà á, tí ẹni tó bá sì wọlé láti ibikíbi yóò rí ọ̀nà dé ibi tó ń lọ. Ọ̀ràn kan tún wà níbẹ̀ tí àwọn ènìyàn kì í rò tẹ́lẹ̀: àkáǹtì tó dá ìwé sílẹ̀ ló ni ìwé. Mo mọ ọ́fíìsì kan tí akọ̀wé ti fi Gmail ara rẹ̀ ṣí gbogbo ìwé ilé iṣẹ́. Ó rí iṣẹ́ síbòmíràn, àwọn tó kù sì ń bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù fún oṣù mẹ́ta gbáko kó tó fà wọ́n lé wọn lọ́wọ́.

Àwọn mẹ́rin náà

MediaWiki ni ètò tó wà lábẹ́ Wikipedia fúnra rẹ̀, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ rò bí wọ́n bá gbọ́ pé wiki. DokuWiki, tí Andreas Gohr, ará Jámánì, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2004, kéré sí i, iṣẹ́ àkọsílẹ̀ bí irú ti ilé iṣẹ́ ló sì bá mu jù. BookStack ni àbúrò wọn. Ọdún 2015 ló bẹ̀rẹ̀, ó sì to gbogbo nǹkan bí ilé ìkàwé, láti orí pẹpẹ dé ìwé, láti ìwé dé orí, láti orí dé ojúewé. Confluence jẹ́ ti Atlassian, ilé iṣẹ́ kan ní Australia, ọdún 2004 ni òun náà jáde, ẹ ó sì máa bá a pàdé ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà.

Mẹ́ta àkọ́kọ́ kò gba owó, kóòdù wọn wà ní gbangba, ẹni tó bá fẹ́ sì lè gbé wọn sórí kọ̀ǹpútà ara rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, háyà la ń háyà rẹ̀. Mo mọ̀ pé Notion àti XWiki wà. Notion kò ṣeé gbé sórí kọ̀ǹpútà ara ẹni, nítorí náà ohun tí mo bá sọ nípa Confluence lórí ọ̀rọ̀ yẹn kan òun náà. XWiki lágbára, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ọwọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ dáadáa, ilé iṣẹ́ kékeré kì í sì sábà ní irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Níbo ni àwọn ojúewé ń sùn?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kó ṣáájú. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun kọjá, ìyẹn WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ ní ìtòsí etíkun Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì di ìdákúrekú ní Nàìjíríà, ní orílẹ̀-èdè Benin àti ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Iná lè wà lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, kí kọ̀ǹpútà wà, kí òṣìṣẹ́ pé, síbẹ̀ kí ilé iṣẹ́ tó kó gbogbo ìlànà rẹ̀ sí òkè òkun jókòó lásán, kó máa wo ojúewé tí kò ṣí.

Wiki tó wà lórí kọ̀ǹpútà inú ọ́fíìsì kò mọ̀ pé okùn kankan já. Ráútà ọ́fíìsì nìkan ló ń gbà kọjá, kò jẹ dátà ẹnikẹ́ni, ó sì ń ṣí kíá ju ohunkóhun tó ń ti ìlú òkèèrè bọ̀ lọ. Ní Ṣómólú tí mo sọ, láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan tí bọ́tìnnì rẹ̀ mẹ́ta ti yọ, ṣùgbọ́n tí bátìrì rẹ̀ ṣì ń gbé e fún bíi wákàtí kan àtààbọ̀, ni a sọ di ilé wiki. A gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù kúrò níbi tí eruku bébà ti ń fò, a so ráútà mọ́ bátìrì kékeré kan, tó fi jẹ́ pé bí iná bá lọ, wiki kì í kú kí ẹnì kan tó tan jẹnẹrétọ̀. Kò sí ẹni tó ra ohun tuntun kankan yàtọ̀ sí bátìrì ráútà yẹn.

Níhìn-ín ni DokuWiki ti ta àwọn yòókù yọ, mi ò sì ní fi bò. Kì í lo database, ìyẹn ètò ọ̀tọ̀ tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sínú àtẹ tirẹ̀, rárá. Fáìlì ọ̀rọ̀ lásán ni ojúewé kọ̀ọ̀kan, ó wà nínú fódà kan, ẹ̀dà àtijọ́ wà nínú fódà kejì, àwòrán wà nínú ẹ̀kẹta. Láti ṣe ẹ̀dà ìpamọ́, ẹ ó ṣe kọ́pì fódà náà sínú fíláàṣì, ó parí. Bí DokuWiki fúnra rẹ̀ bá kú lọ́la, ẹ ṣì lè fi ètò ìkọ̀wé èyíkéyìí ṣí àwọn fáìlì náà, kí ẹ sì kà wọ́n. Ó tilẹ̀ ní irú kan tí a lè máa gbé kiri nínú fíláàṣì lórí Windows, tí kò ní kí a kọ́kọ́ fi nǹkan kan sínú kọ̀ǹpútà, èyí tó dára púpọ̀ fún ẹni tó fẹ́ fi han ọ̀gá kó tó gbà. MediaWiki àti BookStack ń lo database bíi MySQL tàbí MariaDB. Kì í ṣe àìsàn, ṣùgbọ́n ẹ̀dà ìpamọ́ wọn ní ìpele méjì, ti database lọ́tọ̀, ti àwòrán àti fáìlì ètò lọ́tọ̀, ẹni tó bá sì gbàgbé ọ̀kan kò tíì ṣe ẹ̀dà kankan.

Ní ti Confluence, irú èyí tí ilé iṣẹ́ kékeré lè rà kó sì gbé sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ti kógbá wọlé: Atlassian dẹ́kun títa rẹ̀ ní ọdún 2021, wọ́n sì fòpin sí ìtọ́jú rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 2024, nígbà tó ku bí oṣù kan kí àwọn okùn wọ̀nyẹn bàjẹ́. Lóòótọ́, ẹ lè kó ojúewé yín jáde kúrò nínú Confluence bí ẹ bá fẹ́ ṣí lọ, ṣùgbọ́n ìjápọ̀ àti àtẹ kì í sábà dé ilé tuntun láìfarapa. Ire tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀dà ìpamọ́, olè tó lè jí láptọ́ọ̀pù, àti kọ̀ǹpútà tó gbóná jù kò kàn yín, àwọn mìíràn ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Fún ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, ní London àti ní Houston, ire yìí tó nǹkan.

Ọwọ́ tí yóò kọ ọ́

Wiki tí ẹnì kan ṣoṣo ń kọ kò yàtọ̀ sí ìwé ìlànà tí a tẹ̀ tí a sì fi sínú dúrọ́ọ̀. Nítorí náà, ẹ máa fojú ẹni tó kẹ́yìn nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì yín wo ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má fi ojú ẹni tó gbọ́n jù wò ó.

DokuWiki ń lo àmì. Bí mo bá fẹ́ kí àkọlé ojúewé tóbi, màá kọ ====== Ìwé ìpè ìgbéyàwó ======, àmì ìdọ́gba mẹ́fà níwájú, mẹ́fà lẹ́yìn; bí mo bá sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan dúdú kedere, àmì ìràwọ̀ méjì ni màá fi dì í níwájú àti lẹ́yìn. Ti MediaWiki, àmì ìdọ́gba méjì ni àkọlé, ọ̀rọ̀ dúdú sì ń fẹ́ àmì kékeré mẹ́ta, ''' báyìí, tí ojú kì í tètè yà sọ́tọ̀ sí ara wọn. Méjèèjì ní bọ́tìnnì tó ń bá ènìyàn kọ àwọn àmì yìí, MediaWiki sì ti ń gbé VisualEditor wá pẹ̀lú ara rẹ̀ láti ẹ̀dà 1.35 ti ọdún 2020, tó fi jẹ́ pé ènìyàn lè kọ ọ́ láìrí àmì kankan. Síbẹ̀, Bọ̀dá tó ń wa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa wo àmì ìdọ́gba mẹ́fà náà, ó ní òun kò wá ṣe ìṣirò. Ẹni bí irú rẹ̀ ni BookStack wà fún: ojú tó rí ní bí ojú Word tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, pẹpẹ àti ìwé sì jẹ́ ohun tí kò nílò àlàyé. Confluence náà rí bẹ́ẹ̀, ó sì borí gbogbo wọn ní ti pé ẹni púpọ̀ lè máa kọ ojúewé kan náà pọ̀, kí olúkúlùkù máa rí ọwọ́ ẹnì kejì bó ṣe ń rìn.

Àwọn mẹ́ta yòókù ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń dènà kí ẹni méjì má baà pa iṣẹ́ ara wọn rẹ́. DokuWiki ń ti ojúewé mọ́ ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣí i fún àtúnṣe lọ́wọ́, títìpa náà sì ń tú lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 bí kò bá ṣe nǹkan kan. Ìṣẹ́jú 15 yìí la jókòó kà lọ́jọ́ tí Àǹtí tó ń bójú tó owó ṣí ojúewé iye owó sílẹ̀ tó sì lọ jẹ àmàlà. MediaWiki kì í ti nǹkan kan. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ pa iṣẹ́ yín mọ́ ni yóò tó sọ fún yín pé ẹlòmíràn ti ṣáájú yín, tí ẹ óò wá jókòó da méjèèjì pọ̀. BookStack kàn máa ń kìlọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀.

Ní ti ìtàn àtúnṣe, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ní in, òun sì ni nǹkan tí mo fẹ́ràn jù lára wiki. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọ̀gá rí i pé ojúewé ìwé ìpè ti sọ 250 gíráàmù dípò 300, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́. A ṣí ìtàn ojúewé náà. Ìlà àtijọ́ wà lápá òsì, tuntun wà lápá ọ̀tún, nọ́ńbà tó yí padà hàn gedegbe nínú àwọ̀ mìíràn, orúkọ Bọ̀dá ẹlẹ́rọ wà lókè, nínú àpótí kékeré tí a ń kọ ìdí àtúnṣe sí, ó sì ti kọ ọ́ pé: «kò sí 300 lọ́jà, Jimọ̀ ni wọ́n ní». Ìbínú tán. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló fi kún un pé kí a máa sọ fún oníbàárà kó tó san owó. Kò sí ohun tó pọ̀ nínú rẹ̀ ju ìlà kan lọ, ṣùgbọ́n ìlà yẹn gba ẹnì kan lọ́wọ́ ẹ̀sùn. Bí ẹ bá ń ṣe òfin kan ṣoṣo fún wiki yín, ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé àpótí yẹn kò gbọdọ̀ ṣófo.

Ààlà

Oko kì í jẹ́ ti bàbá àti ti ọmọ kó má ní ààlà. Àwọn tó ń ṣe MediaWiki fúnra wọn kìlọ̀ pé a kò ṣe é láti fi ojúewé kan pamọ́ fún àwọn kan láàárín wiki kan náà: yálà kí gbogbo ẹni tó wọlé ka gbogbo rẹ̀, tàbí kí ẹ ṣí wiki kejì. Àwọn àfikún kan wà tó ń ṣe ìlérí ìfipamọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní fi owó oṣù òṣìṣẹ́ sábẹ́ wọn. Àwọn àjọ amí Amẹ́ríkà, tí wọ́n fi MediaWiki ṣe Intellipedia ní ọdún 2006, wiki mẹ́ta ni wọ́n ṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣírí ṣe jinlẹ̀ tó. Bí àwọn tí àṣírí jẹ́ iṣẹ́ wọn bá ń fi ilé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pààlà, kò yẹ kí àwa fi aṣọ títa pààlà.

DokuWiki ní ètò àṣẹ nínú ara rẹ̀. Ẹ lè sọ pé àwọn ojúewé tó wà lábẹ́ «owó» jẹ́ ti ọ̀gá àti ti olùṣirò nìkan, pé gbogbo òṣìṣẹ́ lè ka «ìlànà» ṣùgbọ́n àwọn kan péré ló lè yí i padà. BookStack ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti orí pẹpẹ títí dé ojúewé kan ṣoṣo, ojú rẹ̀ sì rọrùn jù láti fi pín àṣẹ. Confluence tí a ń sanwó fún ní tirẹ̀, ó sì kún. Ẹ rántí pé láti ọdún 2023 ni Nàìjíríà ti ní Òfin Ìdáàbòbò Dátà, nítorí náà nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́ẹ̀sì oníbàárà tí ẹ bá kó sínú wiki kì í ṣe ohun tí gbogbo ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ yóò máa ṣí kiri. Páásíwọ́ọ̀dù báńkì kò sì gbọdọ̀ wọ inú wiki kankan rárá, bó ti wù kí àṣẹ rẹ̀ le tó.

Owó

Ọ̀rọ̀ yìí kò gùn. Confluence jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ènìyàn 10. Bí ẹ bá gba ẹni kọkànlá, gbogbo orí ni ẹ ó máa san owó lé, kì í ṣe orí ẹni tuntun nìkan, dọ́là sì ni. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tíì tó 500 náírà ní iye ti ìjọba. Kí oṣù Kejì ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,400. Ilé iṣẹ́ tó ń gba náírà, tó sì ń san dọ́là lóṣooṣù fún ibi tí ó ń kọ ọ̀rọ̀ sí, yẹ kó rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn mẹ́ta yòókù kò gba kọ́bọ̀ fúnra wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó máa tọ́jú wọn ń jẹun, ẹ sì ka owó rẹ̀ mọ́ ọn.

Àmì ohùn àti àwárí

Ìfiwéra tí a kọ fún àwọn aláwọ̀ funfun kì í mẹ́nu kan èyí. Nínú kọ̀ǹpútà, «ẹ́» kì í ṣe lẹ́tà kan, lẹ́tà «ẹ» ni àti àmì ohùn tó dá dúró lórí rẹ̀. Kíbọọ̀dù kan lè kọ ọ́ lọ́nà kan, kí òmíràn kọ ọ́ lọ́nà mìíràn, kí méjèèjì jọ ara wọn lójú ènìyàn, ṣùgbọ́n kí kọ̀ǹpútà máa wò wọ́n bí ọ̀rọ̀ méjì. MediaWiki ń sọ gbogbo ohun tí a bá kọ di ọ̀nà kan ṣoṣo kó tó pa á mọ́, ohun tí Wikipedia lọ́pọ̀ èdè sì kọ́ ọ nìyẹn. Ó tún ní àtúndarí: ẹ lè dá ojúewé «owo beba» sílẹ̀ fún ẹni tó ń fi fóònù wá nǹkan láìfi àmì sí i, kó sì gbé e lọ tààrà sí «Owó bébà». DokuWiki nílò àfikún kó tó lè ṣe ìyẹn. Lórí ọ̀rọ̀ èdè yìí, MediaWiki ló gbé ipò kìn-ín-ní, pàápàá nítorí pé àwọn olùfarajìn ti túmọ̀ púpọ̀ nínú bọ́tìnnì àti ìtọ́ka rẹ̀ sí Yorùbá.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ dá ojúewé mẹ́wàá tí orúkọ wọn ní àmì sílẹ̀, kí ẹ wá wọn pẹ̀lú àmì àti láìsí àmì kí ẹ tó kó iṣẹ́ yín wọlé. Tiwa, ojúewé tí a ń kọ ìtọ́jú ọkọ̀ ilé iṣẹ́ sí ń jẹ́ «Ọkọ̀». Nígbà tí ẹnì kan bọ́ àmì rẹ̀ kúrò, kò sí ẹni tó mọ̀ mọ́ bóyá ti awakọ̀ ni, ti ìyàwó ilé ni, tàbí ti àgbẹ̀. A sọ ọ́ di «Ìtọ́jú mọ́tò», ọ̀rọ̀ sì parí.

Èyí tí màá mú

Fún ilé iṣẹ́ tí kò ju ogún ènìyàn lọ, tí gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òrùlé kan, DokuWiki ni màá mú láìṣiyèméjì, àyàfi bí àwọn tó máa kọ ọ́ bá kọ̀ jálẹ̀ láti lo àmì ìdọ́gba. Nígbà náà màá mú BookStack, màá sì kọ́ ẹni méjì, kì í ṣe ẹnì kan, bí a ṣe ń ṣe ẹ̀dà database rẹ̀. Fún ẹgbẹ́ tàbí àjọ tó fẹ́ kọ ohun púpọ̀ ní èdè Yorùbá, tí kò sì ní àṣírí kankan láti fi pamọ́, bí ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ tàbí ilé àkójọ ìtàn ìlú, MediaWiki ni. Confluence yẹ ilé iṣẹ́ tó ń gba dọ́là, tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ fọ́n káàkiri, tó sì ti ń lo àwọn ètò Atlassian yòókù. Fún irú wọn, owó rẹ̀ kò wọ́n.

Ohun kan wà tí kò sí nínú èyíkéyìí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun ni olùtọ́jú. Ẹnì kan gbọdọ̀ wà tí ọjọ́ Ẹtì rẹ̀ ní wákàtí kan tó fi ń ka ojúewé tí wọ́n yí padà lọ́sẹ̀ náà, tó ń pa méjì tó sọ ohun kan náà pọ̀, tó ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ ohun tí kò tíì kọ sílẹ̀. Kò pọn dandan kó jẹ́ onímọ̀ kọ̀ǹpútà. Tiwa ni akọ̀wé tó ń dá oníbàárà lóhùn, nítorí pé òun ni èébú ń kọ́kọ́ bá bí ojúewé bá purọ́.

Bí ẹ bá ń bẹ̀rẹ̀ lọ́la, ẹ má kọ ojúewé ìtàn ilé iṣẹ́ àti ìran rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, kò sẹ́ni tó ń kà á. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iye owó, kí ẹ yọ èyí tó wà lára ògiri kúrò lọ́jọ́ náà gan-an. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ kọ bí a ṣe ń tan jẹnẹrétọ̀, kí iṣẹ́ má baà dúró nítorí ẹnì kan tó lọ sí ìsinmi: ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà, iye epo tó ń gbà, ọjọ́ tí a pààrọ̀ ọ́ìlì kẹ́yìn, àti nọ́ńbà ẹni tó ń tún un ṣe.